Ẹ Má Lẹ Táìsì Sókè Yẹn

Ẹ̀yin ìyá ọmọ láti Ṣakí, mo ka lẹ́tà yín tán, àwọ̀ táìsì tí ẹ ń béèrè kọ́ ló gbà mí lọ́kàn. Gbólóhùn kan tí ẹ fẹnu bà lásán ni. Ẹ ní ìyá àgbà tó wà nísàlẹ̀ ń ráhùn nítorí ariwo ẹsẹ̀ yín, ṣùgbọ́n "yóò mọ́ ọn lára tó bá yá." Rárá o. Kì í mọ́ ènìyàn lára. Ẹni tí wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀ lókè orí rẹ̀ lóru á kàn máa lajú sílẹ̀, á máa retí èyí tó tún kù ni.

Bí bàtà tàbí àga bá kan táìsì, kò sí ohun rírọ̀ kankan tó máa gba ìró náà mọ́ra. Táìsì le, símẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ le, dẹ́kìn náà le, gbogbo wọn á sì gbé ìró ọ̀hún lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Bí ìyá náà bá tilẹ̀ fi pátákó kan àjà, díẹ̀ ló máa dín in kù. Òkè tí ẹsẹ̀ ti ń kanlẹ̀ la ti ń pa irú ariwo yìí. Ìdí nìyẹn tí ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ fúláàtì òkè ní Lọ́ńdọ̀nù fi ní kí ayálégbé tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ tiwọn ní New York sì ní kí rọ́ọ̀gì bo ìdá 80 nínú 100 ilẹ̀ ilé. Ìyẹn, níbi tí wọn kì í gúnyán. Àwa ará Òkè-Ògùn ńkọ́?

Mo rántí tọkọtaya kan ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n lẹ táìsì tó ń dán sí yàrá òkè tí wọ́n háyà. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru ló ń gbé nísàlẹ̀, ọ̀sán ló fi ń sùn. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà, ó di ti bàálẹ̀, àwọn tọkọtaya ló sì kó jáde níkẹyìn. Ènìyàn kì í ká táìsì bí ẹni ká ẹní. Onílé ló jogún rẹ̀.

Lánlọ́ọ̀dù tiyín gan-an ló bí mi nínú jù. Ó gba owó ọdún méjì, ó fi ilẹ̀ gbágungbàgun sílẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó dára kó tún un ṣe. Ilé ta ni wọ́n ń tún ṣe? Òun ló yẹ kó fi símẹ́ǹtì dán ilẹ̀ yẹn kó tó gbowó. Kí ọkọ yín mú ẹlẹ́rìí lọ bá a, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó tí ẹ bá ná yóò kúrò nínú owó ilé. Kí bíríkìlà má sì da símẹ́ǹtì jù síbẹ̀: èyí tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 5, lórí mítà kan níbùú lóròó, wúwo tó nǹkan bí àpò símẹ́ǹtì méjì. Ta ló mọ irú irin tó wà nínú dẹ́kìn náà?

Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tó nípọn, tó ní fóòmù lábẹ́, ni kí ẹ rà. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí ẹ lè ká a lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó. Rọ́ọ̀gì onírun kọ́ ni mo ní kí ẹ fi bo gbogbo ilé, nítorí eruku ọyẹ́ á kún inú rẹ̀. Rọ́bà, àkísà tútù ti tó. Ẹ má tẹ́ ẹ dé ìdí sítóòfù o. Ilé ìwẹ̀ nìkan ni kí ẹ lẹ táìsì sí, èyí tí ojú rẹ̀ kì í yọ̀. Kí odó sọ̀kalẹ̀ sí àgbàlá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo le. Mo rí ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé ọmọ yín ti ń rákòrò, pé símẹ́ǹtì ń bó o lórúnkún. Ìyá tó ń rò ti orúnkún ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ìkà ènìyàn. Bí owó kò bá tó, ibi tí ọmọ ń ṣeré sí ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́, ìyókù lè dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ gbé ọmọ yín dání, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ kí ìyá àgbà yẹn, kí ẹ sì béèrè àkókò tó máa ń sùn lọ́wọ́ rẹ̀.