Pólímà Tó Ń Gbé Iná: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Fún Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá

Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé oxidation, èyí tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ‘ìdàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn’. Ìtumọ̀ yìí jọ ohun tí ojú ń rí nídìí aró. Yálà ní Abẹ́òkúta ni tàbí ní kòtò aró Kofar Mata ní Kánò, aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú aró kì í tíì mú àwọ̀ aró. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń fara jọ ti ewé. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ni aró tó hàn. Ọ́síjìn ló ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀hún kò ràn wá lọ́wọ́ mọ́ bí a bá dé orí pólímà tó ń gbé iná.

Ní 1977 ni Hideki Shirakawa, Alan MacDiarmid àti Alan Heeger fi hàn pé polyacetylene, tó jẹ́ ìbátan ike, lè gbé iná dáadáa bí oru iodine bá kàn án. Iṣẹ́ yìí ló mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2000. Polypyrrole jẹ́ òmíràn nínú ẹ̀yà yìí. A lè mú un lẹ̀ mọ́ ara irin bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a sì rì í bọ inú omi iyọ̀. Bí a bá fi iná fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde lára awọ náà, oxidation ti ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn kò dá sí i rárá. ‘Ìpàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù’ ló péye, bí ó tilẹ̀ dún bí ẹni pé ibi kan ṣẹlẹ̀. Ó bá ti aró náà mu, nítorí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ọ́síjìn gbà lára aró.

Ọ̀rọ̀ tó kù ló ṣòro jù. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń jáde, áyọ́ọ̀nù inú omi iyọ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú awọ kí nǹkan lè dọ́gba. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wọlé, láti ibi tí wọ́n ti pọ̀ lọ síbi tí wọn kò ti pọ̀. Àwọn kan ń pe èyí ní ‘ìfọ́nká’, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọ́n nǹkan ká ní ọwọ́ tó fi fọ́n ọn. ‘Ìtànkálẹ̀’ sàn jù: kò sí ẹni tó rán wọn. Olùkọ́ Haúsá tàbí Ìgbò lè bi ìṣe inú èdè tirẹ̀ ní ìbéèrè kan náà.

A kò sì gbọdọ̀ sọ pé ìtànkálẹ̀ ń ‘darí’ oxidation náà, bí awakọ̀ ṣe ń darí ọkọ̀. Nínú ọ̀wọ́ ènìyàn tó jọ ń rìn tí wọn kò gbọdọ̀ fi ara wọn sílẹ̀, ẹni tó lọ́ra jù ló ń pinnu ìgbà tí gbogbo wọn yóò dé. Nítorí náà, ‘oxidation tí ìtànkálẹ̀ ń pinnu ìyára rẹ̀’ ni kí a wí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìṣirò dán an wò: bí awọ bá nípọn ní ìlọ́po 2, àkókò tí áyọ́ọ̀nù yóò fi là á já yóò di ìlọ́po 4; bí ó bá jẹ́ ìlọ́po 3, yóò di 9. Iná tó ń ṣàn náà ń dínkù lọ́nà tí Frederick Cottrell là sílẹ̀ ní 1903: èyí tó ṣẹ́kù ní ìṣẹ́jú-àáyá 4 jẹ́ ìdajì ti ìṣẹ́jú-àáyá 1, níwọ̀n ìgbà tí áyọ́ọ̀nù kò bá tíì dé ara irin lábẹ́ awọ. Bí awọ bá fẹ́lẹ́ jù, kíá ni wọ́n máa ń débẹ̀, gbólóhùn náà kò sì ní bá a mu mọ́.