Má Tíì Pè É Ní Jẹjẹrẹ

Ọmọ mi, kókó yọ lábẹ́ àgbọ̀n gínì píìgì rẹ, òmíràn tún yọ nídìí rẹ̀, gbogbo ìlú Bọ́lọ́rundúró sì ti di dókítà. Ẹnì kan ní jẹjẹrẹ ni. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe ojú lásán, pé ẹran òyìnbó kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé èèyàn láìní ìdí. Ẹ̀kẹta ní kí o tètè pa á kó tó rù, kí a fi jẹ iyán. Àwọn tó sọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tó fọwọ́ kan ẹran náà. Èmi ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ ẹran ọ̀sìn kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà jọ̀wọ́ fi etí sí tèmi náà.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọdún márùn-ún sí méje ni ọ̀pọ̀ gínì píìgì ń lò láyé, díẹ̀ ló ń dé mẹ́jọ. Tìrẹ ti wọ ọdún kẹfà, arúgbó ni. Bí kókó bá yọ lára arúgbó, kì í ṣe ohun ìyanu, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹjọ́ ikú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kókó abẹ́ àgbọ̀n sábà máa ń jẹ́ eéwo. Eèsún tó ti gbó, tàbí koríko gbígbẹ tó le bí abẹ́rẹ́, á gún un lẹ́nu, kòkòrò á bá ojú ibẹ̀ wọlé, ọyún á sì gbá jọ sí ọrùn. Èyí tó wà lẹ́bàá ìdí, tó ń yí kiri lábẹ́ awọ tí o bá fi ìka tì í, lọ́pọ̀ ìgbà láti ihò irun ló ti wá. Ó lè dàgbà, ó lè bẹ́, kí nǹkan funfun bí ọ̀rá jáde, síbẹ̀ kì í sábà pa ẹran. Ọ̀rá lásán tún lè dì lábẹ́ awọ. Èyí tó bá yọ lọ́mú ni mo máa ń fura sí jù, má sì rò pé abo nìkan ló kàn, torí akọ náà ní ọmú méjì. Bó bá jẹ́ abo tó dàgbà, tí ikùn rẹ̀ ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí irun ibẹ̀ sì ń re, inú ilé ẹyin rẹ̀ ni kí dókítà wò.

Ọ̀kan tún wà tí mi ò lè sọ kí n má rẹ́rìn-ín. Akọ tó bá ti darúgbó, iṣan ìdí rẹ̀ a máa dẹ̀, ìgbẹ́ rírọ̀ tó yẹ kó fẹnu mú padà á wá gbá jọ sínú àpò tó wà níbẹ̀, á le, á tóbi, á máa rùn. Ẹni tó ni í á fi igbe ta pé kókó ńlá ti yọ. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, òróró díẹ̀ àti òwú ló ń fẹ́, kí o rọra yọ ọ́ jáde, kí o sì máa ṣe é déédéé láti ọjọ́ náà lọ, torí iṣan tó ti dẹ̀ kì í padà le mọ́.

Bó bá jẹ́ orúnkún ló wú, tí ẹran náà ń tiro, tó ń ké tí wọ́n bá gbé e, oúnjẹ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gínì píìgì dà bí èèyàn ní ọ̀nà kan: ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámìn C fúnra rẹ̀. Ní 1907, Axel Holst àti Theodor Frølich ní orílẹ̀-èdè Norway fi ọkà nìkan bọ́ gínì píìgì, àìsàn àìtó fítámìn yìí, tó ti ń pa àwọn atukọ̀ ojú òkun láti ayébáyé, sì mú wọn: eegun ń ro wọ́n, èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni ayé ti rí ẹran tí wọ́n lè fi wádìí àìsàn náà. Ìwọ wá wo àpò oúnjẹ tí o ń rà bọ̀ láti Àkúrẹ́. Oúnjẹ ehoro ni. Ara ehoro ń ṣe fítámìn tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó po oúnjẹ náà kò ní ìdí láti fi sí i. Ẹran rẹ lè máa yó lójoojúmọ́ kí ebi fítámìn sì máa pa á.

Fítámìn C mìlígíráàmù 10 sí 30 fún ìwọ̀n kílò kan ló tó o lóòjọ́, àgbà gínì píìgì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju kílò kan lọ. Ègé tàtàṣé kan, tútù, tí a ti yọ kóró rẹ̀, dára ju ọsàn lọ fún un. Gúáfà dára. Yúnyún tí à ń já fún ehoro dára, ewé kúkúndùnkún náà dára, kí koríko tútù sì máa wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán tòru torí eyín rẹ̀ kì í dẹ́kun àtihù. Ewé ẹ̀gẹ́ ni kí o gbé jìnnà sí i, májèlé wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ fítámìn oníhóró lo rà, ẹnu ni kí o fi sí. Bí o bá dà á sómi, ìmọ́lẹ̀ àti ooru á ti ba ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ kó tó mu ún.

Èyí tó gbé mi dìde gan-an nìyí. Mo gbọ́ pé o ti ra Ampiclox ní kẹ́míìsì, pé ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ní kí o tú kápúsù náà sómi fún un. Dá a padà. Oògùn tó ń wo eéwo ìwọ àti èmi sàn lè pa gínì píìgì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú ìfun rẹ̀ ló ń bá a da koríko. Pẹnisílínì àti àwọn ẹbí rẹ̀, ampicillin, amoxicillin, á pa àwọn wọ̀nyẹn, àwọn burúkú á gbilẹ̀, wọ́n á tu májèlé sílẹ̀, ó di ìgbẹ́ gbuuru, ó di ikú. Lincomycin àti clindamycin kò yàtọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, ní Oxford, Howard Florey àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kó àrùn ran eku mẹ́jọ, wọ́n fún mẹ́rin ní pẹnisílínì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá mẹ́rin wọ̀nyẹn láàyè, mẹ́rin yòókù ti kú. Ká ní gínì píìgì ló wà nínú àgò wọn lọ́jọ́ náà, bóyá májèlé ni wọn ìbá pe oògùn tó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Oògùn tó bá gínì píìgì lára mu wà, enrofloxacin jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n dókítà ẹran ló ń wọn ọ́n, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Má tẹ kókó náà, má fi abẹ́rẹ́ gún un, má fi Robb pa á. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ọyún ẹran yìí ki bíi mọ́ínmọ́ín, kò ní ṣàn jáde fún ẹni tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Inú ló máa tú sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé láràárọ̀ Sátidé, kí o gbé e lé itan lórí aṣọ ìnura, kí o fi ìka wá a láti àgbọ̀n dé abíyá, dé ikùn, dé ìdí, dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kọ ibi tí kókó wà sínú ìwé, àti bó ṣe tóbi tó, bí ẹ̀wà tàbí bí ẹ̀pà, bó ń yí tàbí ó lẹ̀ mọ́ra, bó gbóná. Yá òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe kéèkì, kí o wọ̀n ọ́n. Gínì píìgì jẹ́ ẹran tí ẹran mìíràn ń pa jẹ, nítorí náà ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìrora pamọ́. Ojú rẹ̀ lè máa dán kó sì ti sọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ nù. Òṣùwọ̀n kì í parọ́. Bó bá fi ọjọ́ kan gbáko kọ oúnjẹ, má dúró de Sátidé, máa gbé e lọ.

Gbé ìwé náà dání lọ bá dókítà ẹran ní Àkúrẹ́. Pè é kí o tó lọ, kí o bi í bóyá ó ti tọ́jú gínì píìgì rí, torí adìyẹ, ajá àti màlúù ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá tíì ṣe é rí, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà. Àárọ̀ kùtù ni kí o gbéra, ooru ọkọ̀ lè pa á. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ tínrín fa díẹ̀ nínú kókó náà, á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sì lè wò ó tán kó ní òun kò rí orúkọ fún un. Má bá a jà. Kókó tí kò lórúkọ, tó wà lójú kan láti oṣù dé oṣù, lára ẹran tó ń jẹun tó sì ń sáré wá pàdé rẹ, fi í sílẹ̀. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Bó bá jẹ́ ẹran ọdún méjì ni, màá ní kí wọ́n gé e kíá. Fún ti ọdún mẹ́fà, oògùn oorun fúnra rẹ̀ lè ṣe é ní jàǹbá, nítorí náà eéwo tó ń ro ó, tàbí èyí tó ń dí i lọ́wọ́ àtijẹun, nìkan ni màá gbà kí wọ́n fi abẹ kàn. Bí wọ́n bá sì ní kí o febi pa á mọ́jú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, rọra bi wọ́n bóyá ajá ni wọ́n ń sọ. Ìfun gínì píìgì tó bá ṣófo pẹ́ kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní ti ẹni tó ń wá ẹran iyán, n kò bú u. Oúnjẹ ni wọ́n ń fi í ṣe ní Peru láti ìgbà láéláé, wọ́n ń sìn ín fún jíjẹ ní Cameroon àti ní orílẹ̀-èdè Benin tí kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ẹran tó ní kókó tí a kò mọ̀dí, tàbí tí a ti fún lóògùn, kì í ṣe ẹran ọbẹ̀.

Ọjọ́ tí kò bá lè jẹun mọ́ bí o tilẹ̀ fi sírínjì fún un ní oúnjẹ lílọ̀, tó kóra jọ sí igun kan tí irun rẹ̀ dìde, bẹ dókítà kó fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ. Sọ òtítọ́ fún àbúrò rẹ tó fún un lórúkọ, má sọ pé ó sá lọ. Kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ajá má baà hú u. Gínì píìgì kejì tí ẹ ń sìn pẹ̀lú rẹ̀, tó máa ṣẹ́kù nínú àgò, ni kí ẹ wá bójú tó, torí ẹran yìí kì í fẹ́ dá gbé. Ní Switzerland, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 kò fàyè gba kí a máa sin ọ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá mú tuntun dé, ẹ má sọ wọ́n sínú àgò kan lọ́jọ́ kan náà, pàápàá bó bá jẹ́ akọ méjì. Ẹ gbé àgò wọn kọjú síra fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ òórùn ara wọn.