Ẹ̀kọ́ Lórí Ìsanra Àsanjù àti Iṣẹ́ Abẹ Rẹ̀



Lẹ́yìn ìpàdé kan, arábìnrin kan ní kíláàsì wa bi wá léèrè wẹ́lẹ́ bóyá òótọ́ ni pé dókítà lè gé àpò oúnjẹ ènìyàn kí ara rẹ̀ lè wálẹ̀. Ó ti fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀ ní Àkóbọ̀ nítorí rẹ̀. Ojú tì wá, nítorí àwa náà wà lára àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń gba yáàdì méjì sí i.

Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá sanra, a ó ní ó rí jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko, wọ́n sì gún iyán fúnra wọn. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gbé wa láti Agbowó dé Bódìjà. Ní 1997, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nínú 100 ènìyàn, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 26 ní erékùṣù Kàríbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni. Bí ara ṣe ń wúwo sí i ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀ (ẹ má bínú, iṣẹ́ tíṣà kò tíì kúrò lára wa). Ẹ wọn ara yín ní kílò, ẹ fi gíga yín ní mítà pín in, kí ẹ sì tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tó sì wọn kílò 96: a fi 1.60 pín 96, ó di 60. A tún fi 1.60 pín 60, ó di 37.5. Láti 18.5 títí dé bí 25 ló dára. Láti 30 sókè ni àwọn dókítà ń pè ní ìsanra àsanjù. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n, kó fi téèpù aránṣọ yí ikùn ká láàárín egungun ìhà àti egungun ìbàdí. Bó bá ju ínǹṣì 35 lọ, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wò.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, oríṣi méjì ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Èkíní ni fífa ọ̀rá: wọ́n á ki ọ̀pá oníhò bọ abẹ́ awọ, wọ́n á fi fa ọ̀rá jáde. Nítorí ẹwà ni. Kì í ṣe ìtọ́jú ìsanra àsanjù. Irú èyí ni Olóògbé Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ wa nígbà náà, lọ ṣe ní Marbella ní ilẹ̀ Spéènì. Ó kú ní October 23, 2005. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ẹni 60 ọdún. Ní 2009, ilé ẹjọ́ níbẹ̀ rán dókítà náà ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan, nítorí ọ̀pá náà ti wọ inú ikùn lọ́hùn-ún dípò abẹ́ awọ. Ìyàwó Ààrẹ, tí kò sí owó tí kò lè san!

Èkejì ni èyí tí arábìnrin wa béèrè. Wọ́n á gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò oúnjẹ kúrò, tàbí wọ́n á sọ ọ́ di kékeré, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun lápá ìsàlẹ̀. Ebi á dín kù. Àtọ̀gbẹ ẹlòmíràn á rọlẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní Èkó àti Àbújá. Ní 1991, àwọn àgbà dókítà Amẹ́ríkà ní ẹni tí ìṣirò rẹ̀ pé 40 ló wà fún, tàbí 35 bó bá ní àìsàn bí àtọ̀gbẹ. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ náà ní 35 ti tó, bí kò tilẹ̀ sí àìsàn. Kì í ṣe fún ẹni tó kàn fẹ́ kí bùbá ó gba òun. Ẹni tó bá ṣe é á máa lo fítámì títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bó bá sì padà sí mínírà lójoojúmọ́, ara lè tún padà.

A bẹ arábìnrin wa kó má tíì ta ilẹ̀, a sì bá a lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣúgà rẹ̀ ga, kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ọ̀rọ̀ abẹ ṣì wà láàárín òun àti dókítà rẹ̀. Òun ló ní ká kọ ọ́ síbí.

Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú téèpù aránṣọ kan wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Àwa ni a ó kọ́kọ́ wọn ara wa níwájú yín.