Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Ìṣàn Omi: Ẹ̀kọ́ Ìbẹ̀rẹ̀ lórí CFD



Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Síbẹ̀, omi a máa pani. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn tó ju igba lọ. Níhìn-ín ní Jọ́ọ̀sì, ní oṣù keje ọdún 2012, omi kún bo dáàmù Lamingo lẹ́yìn òjò ńlá. Ó wó ilé, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ di ẹnjiníà nínú wa gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí omi yóò gbà kí òjò tó rọ̀. Ohun tí Computational Fluid Dynamics, tí a ń pè ní CFD, wà fún nìyẹn: ká fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí omi, afẹ́fẹ́ tàbí epo ṣe ń ṣàn.

1. Òfin tó wà nídìí rẹ̀

Òfin kìíní: omi tó wọlé tí kò jáde, inú ilé ló wà. Omi kì í dédé pòórá. Òfin kejì jẹ́ ti Newton: nǹkan kì í yí ìyára rẹ̀ padà àfi bí agbára kan bá tì í. Ní ti omi, agbára wọ̀nyí ni òòfà ilẹ̀, bí omi ṣe ń ti ara rẹ̀, àti kíki rẹ̀. Ẹ wo bí oyin ṣe ń lọ́ra ju omi lọ. Navier ní ọdún 1822 àti Stokes ní ọdún 1845 ló sọ òfin kejì yìí di ìdọ́gba fún ohun tó ń ṣàn tó sì ní kíki. Ìdọ́gba náà le tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni a lè fi bírò yanjú. Ìdí nìyí tí a fi ń wá kọ̀ǹpútà lọ.

2. Àwọ̀n

A óò ta àwọ̀n bo ibi tí omi ń gbà. Ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe ìṣirò tirẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà: mélòó wọlé, mélòó jáde, mélòó ló kù?

Ẹ jẹ́ ká mú gọ́tà kan. Ó fẹ̀ ní mítà 2, omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 1, omi náà sì ń sáré ní mítà 1.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 2 × 1 × 1.5 = 3, ìyẹn kúbíìkì mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Omi yìí dé ihò abẹ́ títì tí ọ̀rá àti pàǹtí ti dí, tí kúbíìkì mítà 2 péré lè gbà kọjá. Ọ̀kan ń ṣẹ́kù. Ní ìṣẹ́jú 10, 600 ti ṣẹ́kù. Bí ó bá tàn ká ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,000 mítà onígun mẹ́rin, 600 ÷ 2,000 = 0.3. Omi ti ga ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ó ti wọ yàrá nìyẹn.

Àwọ̀n olójú kan ṣoṣo ni a lò yìí. Bí a bá fẹ́ mọ ilé tí omi yóò kọ́kọ́ wọ̀, ojú àwọ̀n gbọ́dọ̀ pọ̀ kó sì kéré.

3. Ààlà àti ìbẹ̀rẹ̀

Kọ̀ǹpútà kò mọ Jọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí Èkó àfi bí a bá sọ fún un. Ìlú wa ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju òkun lọ. Ìwé máa ń sọ pé kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan wúwo tó kìlógíráàmù 1.225 létí òkun. Ní gíga tiwa, nǹkan bí 1.09 ni. Ẹni tó bá kàn da ti inú ìwé kọ ti ṣì í ní ohun tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lewis Richardson, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1922, fi ọwọ́ ṣírò bí ojú ọjọ́ yóò ṣe yí padà láàárín wákàtí 6. Èsì rẹ̀ jìnnà púpọ̀ sí òótọ́, nítorí àwọn ìwọ̀n tó fi bẹ̀rẹ̀ kò bá ara wọn mu.

4. Àkókò

Ní ọdún 1928, Courant, Friedrichs àti Lewy fi hàn pé ìṣísẹ̀ àkókò kò gbọdọ̀ gùn jù. Nínú ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé, bí ojú àwọ̀n bá gùn ní mítà 10, tí ìgbì sì ń sáré ní mítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣísẹ̀ wa kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ. Bí ìgbì bá fo ojú àwọ̀n kọjá, ìṣirò yóò dàrú.

5. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹnì kan nínú wa gbé àwòrán aláwọ̀ mèremère wá sí kíláàsì. Olùkọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan péré: "Mẹ́ta wọlé, méjì ààbọ̀ jáde, kò sí èyí tó dúró. Ìyókù dà?" Gbogbo wa dákẹ́. Àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ sọ ojú àwọ̀n di kékeré sí i. Bí ìdáhùn bá ṣì ń yí padà púpọ̀, kò tíì pé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ibi tí omi ga dé lára ògiri, kí ẹ sì bi àwọn àgbà tó ń gbé lẹ́bàá odò Dilimi.

Iṣẹ́ ṣíṣe: bí a bá kó díẹ̀ nínú pàǹtí yẹn kúrò, tí ihò náà wá ń gba 2.5, ìgbà wo ni omi yóò tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 30? Ìṣẹ́jú 20 ni. Ìṣẹ́jú 10 tí a jèrè yẹn tó fún ìyá kan láti kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nílé. Nítorí náà, ẹ kọ́ ìṣirò yìí dáadáa, kí ẹ má sì da ọ̀rá sí gọ́tà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ó dìgbà kan ná.