Ẹni tí ó Dúró Lẹ́bàá Ayò

Ní Hong Kong àti ní ìlú Guangzhou, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Kantonese, òwe kúkúrú kan wà lẹ́nu àwọn ènìyàn: pong gun ze cing. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ń wòran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó ń ríran kedere. Cing tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe omi tí ó mọ́ gaara. Gbólóhùn kan a sì máa ṣáájú òwe náà: ẹni tí ó wà nídìí ayò ni ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn.

Ayò tí à ń wí kì í ṣe oníhò méjìlá tiwa. Weiqi ni, tí a ń fi ọmọ dúdú àti funfun ta lórí ọpọ́n onílà 19 níbùú, 19 lóòró. Ibi tí àwọn ìlà náà ti pàdé jẹ́ 361. Ẹni tí ń ta á lè tẹjú mọ́ igun kan níbi tí wọ́n ti fẹ́ jẹ ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má sì mọ̀ pé gbogbo apá kejì ọpọ́n ti bọ́. Ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí i. Kì í ṣe pé ó gbọ́n jù ú lọ. Kò ní ọmọ kankan tí yóò pàdánù ni. Bí òun náà bá jókòó sídìí ayò lọ́la, ojú tirẹ̀ yóò ṣú.

Òwe yìí ti pẹ́. Yuan Xingchong, ọ̀mọ̀wé ará Ṣáínà tí ó kú ní ọdún 729, ti lo irú rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àlàyé tuntun lórí ìwé àtijọ́ kan tí ó jẹ́ ti ìlànà àti ìwà ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ìjòyè Zhang Yue takò ó. Ọba Xuanzong fún wọn ní ìgàn aṣọ ṣẹ́dà 200, ó sì ti ìwé náà mọ́ ààfin. A kò fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Nínú ìwé tí Yuan kọ lẹ́yìn èyí ni ó ti fi òwe náà sí ẹnu àlejò kan tí ń béèrè ìdí tí a fi ń ṣiyèméjì sí iṣẹ́ tí ó dára.

Ohun kan kù. Àwọn ará Hong Kong tún ń ta ayò mìíràn, xiangqi, àwọn àgbàlagbà a sì máa pé jọ wò ó ní gbangba. Lórí ọ̀pọ̀ ọpọ́n rẹ̀ ni a ti máa ń kọ ọ́ pé ọmọlúàbí tí ń wo ayò kì í sọ̀rọ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdí ayò tiwa mọ̀ bí èyí ti nira tó!) Nítorí náà ẹni tí ó rí i dákẹ́, kì í ṣe nítorí ìkà, bí kò ṣe nítorí ọ̀wọ̀. Ó di ọwọ́ ẹni tí ń ta á láti gbé orí sókè kí ó sì béèrè.

Ìwọ tí o ti ń bá àbúrò rẹ ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ láti ọdún mẹ́ta wá, ta ni o ti bi léèrè, nínú àwọn tí kò ní ìpín nínú ilẹ̀ náà?