Ọmọdé Ò Mọ Oògùn

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Nígbà tí àwọn àgbà ń pa òwe yìí, ewé àti egbò inú ìkòkò àgbo ló wà lọ́kàn wọn. Lónìí, n'Ìbàdàn, láwọn agbo ilé tó ti Bẹẹrẹ lọ dé Mápó títí wọ Bẹyẹrúnká, inú korobá tí a fi ń nu ilẹ̀ ni oògùn náà wà. Ẹ da Izal tàbí Dettol díẹ̀ sómi, kíá ni yóò funfun bí omi ògì. Hypo àti kẹrosíìnì kò yàtọ̀ sí omi mímu lójú. Kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà jọ ṣúgà. Ta ni yóò bá ọmọ ọdún méjì wí bó bá pè wọ́n lóúnjẹ?

Ṣé ohun tí a fi ń nu ilẹ̀ wá léwu fún ọmọ àti ẹran ilé ni? Bí a bá pò ó mọ́ omi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike, tí ilẹ̀ sì gbẹ pátápátá kí ọmọ tó rá lé e, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí. Ogidi rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, àti ilẹ̀ tó ṣì tutù, àti korobá tí ẹnikẹ́ni ò dúró tì. Ọmọ tí ń rákòrò, ilẹ̀ ni àwo oúnjẹ rẹ̀: ọwọ́ tó fi tẹlẹ̀ náà ló ń tì bọnu. Ológbò á gba orí ilẹ̀ tútù kọjá, á wá jókòó máa lá ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti fọ́ èròjà inú Izal àti Dettol bí ti èèyàn. Ewúrẹ́ tí òùngbẹ ń gbẹ lọ́sàn-án kì í béèrè ohun tó wà nínú korobá kó tó mu ún.

Wọ́n ní ẹnì kan ní ń bímọ, igba èèyàn ní ń wò ó. Òótọ́ ni, àmọ́ igba ojú a máa gbójú kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí oníkálukú bá rò pé ẹlòmíì ń wò. Ìyá ọmọ ti lọ sí Ọjà'ba, ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, ẹni tí ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì pè síta yẹn. Nítorí náà, ẹni tó gbé korobá ni kó ṣọ́ ọ. Bí wọ́n bá pè é, kó dà á nù kó tó jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ike. Ike omi àti ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò la fi ń ra Izal, kẹrosíìnì àti kọ́sítíìkì olómi lọ́jà. Mo mọ̀ pé owó ló fà á, ìwọ̀nba lapá ká. Ṣùgbọ́n kọ́sítíìkì a máa jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ. Bí egbò náà bá ń jinná, àpá rẹ̀ a máa fún ọ̀nà náà pa, títí omi ò fi ní lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́, ó sì lè di iṣẹ́ abẹ. Ẹ má rà á sínú ike tí ọmọ ti rí i tí ẹ gbé sẹ́nu rí. Orí àjà ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin tí ẹ ń da Sniper mọ́ omi ìnulẹ̀ nítorí ìdun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Oògùn oko ni. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ike kékeré rẹ̀ lọ́jà mọ́.

Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kò béèrè ju ọṣẹ àti omi lọ lójoojúmọ́. Ẹ fi Hypo sílẹ̀ dìgbà tí ẹnì kan bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má sì pò ó mọ́ oògùn ìfọṣalángá, torí èéfín tí ń séni léèémí ni yóò mú jáde. Ibi tí ọmọ tàbí ewúrẹ́ bá tọ̀ sí, ẹ kọ́kọ́ fomi ṣan ìtọ̀ náà kúrò kí Hypo tó kàn án.

Bí ọmọ bá ti gbé ọ̀kan nínú àwọn oògùn wọ̀nyí mì ńkọ́? Epo pupa ni ọwọ́ wa máa ń lọ bá. Ẹ̀yin ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu, ẹ má sì kiwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ohun tó jó o nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀, kẹrosíìnì sì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tó dà sí, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ojú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15 bó bá ta sí i lójú. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu tàbí UCH ló kàn, kódà bó bá ṣì ń ṣeré. Ẹ mú ike náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó mu.