Ọ̀pá, Ẹsẹ̀ Bàtà àti Mítà: Ìṣòro Orúkọ fún Òṣùwọ̀n Méjì

Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, kò pẹ́ tí pọ́n-ùn àti ṣílè fi kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, nítorí pé owó tí ìjọba bá ti kọ̀ kò ṣeé ná. Òṣùwọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin òṣùwọ̀n tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1974 fi ẹsẹ̀ ètò mítà múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá tí ìyá aláṣọ fi ń wọn aṣọ kò ṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Ètò méjèèjì ni ó ń gbé pọ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá títí di òní.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò ni 'ọ̀pá'. Ní ìsọ̀ aláṣọ, ọ̀pá kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, èyí tí í ṣe mítà 0.9144 géérégé. Bí òǹkọ̀wé bá wá lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún mítà, àṣìṣe kékeré kọ́. Ẹni tí ó ra ọ̀pá márùn-ún gba mítà 4.57, bí ó bá jẹ́ mítà márùn-ún ni ó ń retí, aṣọ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 43 dín, ó sì ṣeé ṣe kí fìlà má jáde nínú rẹ̀. 'Ibùsọ̀' náà kò yọ sílẹ̀. Ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ó tó di máìlì. Bí ògbufọ̀ bá fi í pe kìlómítà, ìrìn kìlómítà 100, tí kò ju máìlì 62 lọ, yóò di máìlì 100 létí àgbàlagbà.

Ọ̀ràn ilẹ̀ ni ó le jù. Ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, pulọ́ọ̀tì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 120, ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn onílẹ̀. Mítà ni ìwé awọnlẹ̀ ń lò, iye tí ó sì sábà máa ń dúró fún pulọ́ọ̀tì yìí ni mítà 18 lọ́nà 36, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 648. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 gan-an jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 668.9. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 21: yàrá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15 ni. Olùrà tí ó san owó ẹsẹ̀ bàtà, tí ó sì gba ìwé mítà, lè rò pé onílẹ̀ rẹ́ òun jẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé ìṣirò tí wọ́n gé kúrú ni ó fà á. Bí ó ti wù kí ó rí, ilẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ìwé àdéhùn tí a bá kọ ní Yorùbá kò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà lásán sílẹ̀ láìdárúkọ òṣùwọ̀n.

Ní ti 'kílò', ọjà ti sọ ọ́ di ìwọ̀n ẹran àti ẹja. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé rẹ̀ nínú 'kìlómítà' lè béèrè bí ọ̀nà ṣe ń wúwo. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Olùkọ́ níláti ṣàlàyé pé 'kílò' kò ju ẹgbẹ̀rún lọ, àti pé 'gíráàmù' ni ọjà gé kúrò. 'Gálọ́ọ̀nù' ní tirẹ̀ ti di orúkọ ike, ìbáà gba lítà 5 tàbí 25. Kí ìwé ẹ̀kọ́ yẹra fún un ni ó dára.

Ó tọ́ kí 'ọ̀pá', 'ẹsẹ̀ bàtà' àti 'ibùsọ̀' dúró fún ètò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń bá ṣiṣẹ́, kí 'mítà', 'lítà' àti 'gíráàmù' sì máa jẹ́ orúkọ wọn. Àwọn tí ó ń fẹ́ ọ̀rọ̀ abínibí fún ohun gbogbo lè má fara mọ́ èyí, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin ti ń lo ètò mítà láti ayé ìjọba Faransé, ọ̀rọ̀ àyálò kan náà yóò sì yé wọn.

Ó ku éékà àti hẹ́kítà. Hẹ́kítà kan jẹ́ éékà 2.47. Bí ìwé oògùn apakoríko bá ní kí àgbẹ̀ lo lítà mẹ́rin fún hẹ́kítà kan, tí ògbufọ̀ sì kọ 'éékà' fún un, oògùn tí yóò dà sórí oko rẹ̀ yóò tó ìlọ́po méjì àbọ̀ èyí tí ó yẹ.